Ọ̀rọ̀ ìyàlẹ́nu nípa oòrùn, òṣùpá àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì: kí la lè sọ fún àwọn ọmọ tó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé?

Olùkọ́Àárọ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá ni mò ń kọ́, a sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí oòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí i po. Ìwé tó wà lọ́wọ́ wa kò ṣe ju kí ọmọ há orúkọ mẹ́jọ sórí lọ: Mẹ́kúrì, Àgùàlà, Ayé, Máàsì, Júpítà, Sátọ̀nù, Yuránọ́ọ̀sì, Nẹ́ptúnù. Wọn á há a, wọn á kà á jáde, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti fò lọ.

Ohun tí mò ń wá ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ máa gbọ́ tí á lanu, tí á sì béèrè pé, "Báwo ló ṣe jẹ́?" Ṣùgbọ́n irọ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ojú ọ̀run pọ̀ kọjá sísọ, mi ò sì fẹ́ gbin irọ́ sọ́kàn ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Kí lẹ máa ń sọ? Báwo lẹ ṣe ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀? Èwo ni ọmọ lè fi ojú ara rẹ̀ rí?

AwoSánmà

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, olùkọ́ wa. Ọ̀dọ̀ Àgùàlà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ti rí i rí, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé pílánẹ́ẹ̀tì ni: ìmọ́lẹ̀ funfun tó máa ń tàn yòò níhà ìwọ̀ oòrùn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú, tàbí níhà ìlà oòrùn kí ilẹ̀ tó mọ́, èyí tó ń bá òṣùpá rìn tí àwọn ènìyàn fi ṣebí ajá òṣùpá ni. Kò sí ìràwọ̀ kankan lálẹ́ tó mọ́lẹ̀ tó o.

Ẹ wá sọ fún wọn pé níbẹ̀, ọdún kan á ti pé, Àgùàlà kò tíì pòòyì tán lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan bí ọjọ́ 225 ti Ayé ló fi ń yí oòrùn po, ìyẹn lọdún rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó pòòyì lórí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọjọ́ 243 ló ń gbà. Ẹ fara balẹ̀ níbí o, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì í sọ. Ìpòòyì ni mo wí, n kò wí pé láti òwúrọ̀ sí òwúrọ̀. Ọ̀nà òdì ni Àgùàlà ń gbà pòòyì, ó yàtọ̀ sí bí Ayé wa ṣe ń ṣe é, nítorí náà láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí di ìgbà tí á tún yọ jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 117. Ẹni tó bá sì wà níbẹ̀, tí ìkùukùu bá lè gbà á láyè, á rí i pé ìwọ̀ oòrùn ni oòrùn ti ń yọ, tó sì ń wọ̀ sí ìlà oòrùn.

Ooru rẹ̀ ńkọ́? Nǹkan bí 465°C ni, lọ́sàn-án lóru, níbi gbogbo. Òjé a máa yọ́ ní 327°C, nítorí náà òjé kò lè gan níbẹ̀. Kì í ṣe pé Àgùàlà súnmọ́ oòrùn jù ló fà á. Afẹ́fẹ́ tó bò ó ló fà á: nǹkan bí ìdá 96 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ kábọ́nì-dáyọ́ksáìdì, ó sì nípọn débi pé bó ṣe ń tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 92 ti ibi tí a wà yìí. Ooru wọlé, kò rọ́nà jáde mọ́. Nígbà tí Soviet Union rán ọkọ̀ ìwádìí Venera 13 lọ, tó balẹ̀ síbẹ̀ lóṣù Kẹta ọdún 1982, ìṣẹ́jú 32 ni wọ́n ṣètò pé kó ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 127, ó ya fọ́tò àwọ̀ rán wá sílé, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

ÌyáÒǹkàwé

Ohun tí ẹ̀gbọ́n AwoSánmà wí ló jẹ́ kí Mẹ́kúrì dùn ún sọ tẹ̀ lé e. Bi àwọn ọmọ náà pé, "Pílánẹ́ẹ̀tì wo ló gbóná jù?" Gbogbo wọn ni yóò pariwo Mẹ́kúrì, torí òun ló súnmọ́ oòrùn jù. Bẹ́ẹ̀ Àgùàlà ló gbóná jù. Mẹ́kúrì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní afẹ́fẹ́ rárá, nítorí náà kò ní ohun tó máa di ooru mú: lọ́sàn-án á tó 430°C, lóru á já bọ́ sí nǹkan bí 180°C sísàlẹ̀ òdo.

Èyí tó tún ya èmi lẹ́nu jù ni pé yìnyín wà níbẹ̀. Nínú àwọn kòtò jíjìn tó wà ní òpin àríwá àti òpin gúúsù rẹ̀, ìtànṣán oòrùn kò dé ìsàlẹ̀ rí. Ọkọ̀ ìwádìí MESSENGER tí Amẹ́ríkà rán lọ, tó yí Mẹ́kúrì po láti 2011 sí 2015, rí ẹ̀rí tó lágbára pé yìnyín omi wà nínú wọn.

OníṢirò

Olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí àwọn ọmọ lè fi ọwọ́ ara wọn ṣe ìṣirò rẹ̀ kún un. Nínú gbogbo àwòrán inú ìwé, òṣùpá máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ayé pẹ́kípẹ́kí. Ẹ bi wọ́n pé pílánẹ́ẹ̀tì mélòó ló lè wọ àlàfo tó wà láàárín wọn. Ẹlòmíràn á ní kò sí, ẹlòmíràn á ní ọ̀kan.

Ìbú wọn rèé ní kìlómítà, ní ìdọ́gba: Mẹ́kúrì 4,879, Àgùàlà 12,104, Máàsì 6,779, Júpítà 139,820, Sátọ̀nù 116,460, Yuránọ́ọ̀sì 50,724, Nẹ́ptúnù 49,244. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 380,010. Ayé sí òṣùpá sì jẹ́ 384,400 ní ìdọ́gba. Gbogbo méjèèje ló wọ̀ ọ́!

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pín ọ̀rọ̀ yìí kiri kì í sọ ìyókù rẹ̀. Kìlómítà 384,400 yẹn, láti àárín gbùngbùn Ayé dé àárín gbùngbùn òṣùpá ni. Tí ẹ bá yọ ìdajì ìbú Ayé àti ìdajì ìbú òṣùpá kúrò, ó ku nǹkan bí 376,000, wọn kò sì ní wọ̀ ọ́ mọ́. Òṣùpá kò sì dúró sójú kan. Ó máa ń súnmọ́ wa tó nǹkan bí 363,000, ó sì máa ń jìnnà tó 405,000. Ìgbà tó bá jìnnà jù ni wọ́n máa wọ àlàfo náà láìfún. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe ìṣirò méjèèjì. Èmi fẹ́ràn èyí ju ọ̀rọ̀ tí a kàn há sórí lọ, torí ọmọ á rí i pé ọ̀rọ̀ kan lè jẹ́ òótọ́ lọ́nà kan kó má jẹ́ òótọ́ lọ́nà mìíràn, ó sì wà lọ́wọ́ òun fúnra òun láti mọ̀ ọ́n.

Olùkọ́Àárọ̀

Ẹ ṣeun púpọ̀ púpọ̀. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo dán ti òṣùpá yẹn wò lára àwọn ọmọ mi nílé lónìí, ìbéèrè méjì ni wọ́n sì fi dá mi lóhùn. Èkíní: kí ló dé tí òṣùpá kò já lù wá? Èkejì: kí ló wà lẹ́yìn òṣùpá tí a kì í rí? Ẹ ràn mí lọ́wọ́, mo fẹ́ dá wọn lóhùn bó ṣe yẹ.

AwoSánmà

Ọmọ yín gbọ́n o. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òṣùpá ń já bọ̀ ní tòótọ́, kò tíì dáwọ́ dúró rí. Bó ṣe ń já bọ̀ náà ló ń sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́, nǹkan bí kìlómítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí agbára òòfà Ayé ṣe ń fà á sísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni eré tó ń sá ń gbé e kọjá, nítorí náà ó ń já bọ̀ yí Ayé ká, kò sì dé ilẹ̀.

Tí ọmọ bá ti gba èyí, ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn mìíràn fún un. Wọ́n ti rí fídíò àwọn arìnrìnàjò òfurufú tó ń léfòó nínú ISS, ibùdó ńlá tí àwọn ènìyàn ń gbé lójú òfurufú. Ẹ bi wọ́n pé kí ló fà á. Wọn á ní kò sí òòfà lókè lọ́hùn-ún. Ibùdó yẹn kò sì ga ju nǹkan bí 400 kìlómítà lọ, òòfà Ayé níbẹ̀ sì tó ìdá 90 nínú 100 ti ilẹ̀. Bíi ti òṣùpá, ibùdó náà àti gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló jọ ń já bọ̀ yí Ayé ká, kìlómítà 28,000 ní wákàtí kan. Níwọ̀n bí gbogbo wọn ti jọ ń já bọ̀ pọ̀, kò sí ohun tó ń ti ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni látìsàlẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 ni wọ́n fi ń yí Ayé po, wọ́n sì ń rí ìyọ oòrùn bíi 16 lóòjọ́.

Dípò kó já lù wá, òṣùpá ń kúrò lọ́dọ̀ wa ni, sẹ̀ǹtímítà 3.8 lọ́dọọdún. Báwo la ṣe mọ̀? Àwọn tó lọ pẹ̀lú Apollo 11 lóṣù Keje ọdún 1969 fi àwọn dígí pàtàkì kan sílẹ̀ níbẹ̀. Títí di òní, wọ́n ń tan ìtànṣán lésà láti ilẹ̀ lọ bá dígí náà, wọ́n sì ń ka àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì ààbọ̀. Bí òkun ṣe ń kún tó ń fà nítorí òṣùpá ló ń mú un jìnnà díẹ̀díẹ̀, òun náà ló sì ń mú kí ìpòòyì Ayé máa falẹ̀.

ÌyáÒǹkàwé

Ti ìbéèrè kejì, ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì ṣe é kí wọ́n fi ara gbà á. Kí ọ̀kan dúró sáàárín, òun ni Ayé. Kí èkejì máa yí i po, kí ó kọjú sí i nígbà gbogbo, kó má kẹ̀yìn sí i rárá. Tó bá yí i po tán, ẹ bi í pé ṣé ó kọjú sí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé? Ó kọjú sí gbogbo wọn. Ìyẹn ni pé òun náà ti pòòyì lẹ́ẹ̀kan láì mọ̀. Bí òṣùpá ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn, ọjọ́ 27 àti díẹ̀ ló fi ń yí Ayé po, iye yẹn náà ló fi ń pòòyì.

Kí ẹ sì tún un sọ fún wọn pé ẹ̀yìn òṣùpá kì í ṣe ibi òkùnkùn. Oòrùn ń ràn síbẹ̀ bó ṣe ń ràn síhà tiwa, àwa ni a kò rí i. Nígbà tí òṣùpá kò bá yọ sí wa rárá, ọ̀sán gangan ló jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Luna 3 ti Soviet Union ló kọ́kọ́ ya fọ́tò ibẹ̀, lóṣù Kẹwàá ọdún 1959. Chang'e 4 ti Ṣáínà ló kọ́kọ́ balẹ̀ síbẹ̀, lọ́jọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2019. Ní 2024, Chang'e 6 bu erùpẹ̀ rẹ̀ wá sílé. Ilẹ̀ ẹ̀yìn náà kún fún kòtò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọn àpá dúdú ńláńlá tí a ń rí níwájú.

Yẹ̀ẹ́WòKíOTóPín

Mo dúró de ìgbà tí ẹnìkan máa mẹ́nu ba irọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn tó wọ́pọ̀ jù.

Èkíní ni èyí tó máa ń jáde lóṣù Kẹjọ pé Máàsì yóò tóbi tó òṣùpá lójú ọ̀run. Ìdí wà tó fi bẹ̀rẹ̀: lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 2003, Máàsì súnmọ́ wa ju bó ṣe súnmọ́ wa rí láti nǹkan bí 60,000 ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bó ṣe súnmọ́ yẹn náà, nǹkan bí mílíọ̀nù 56 kìlómítà ló wà láàárín wa. Ìbú Máàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti òṣùpá. Kó tó lè tóbi tó òṣùpá lójú wa, àfi kó wà ní ìlọ́po méjì ibi tí òṣùpá wà, ìyẹn nǹkan bí 750,000 kìlómítà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi nọ́ńbà méjèèjì wé ara wọn, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Èkejì ni pé ìgbà tí Ayé bá súnmọ́ oòrùn ni ooru máa ń mú. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní la máa ń súnmọ́ oòrùn jù, nǹkan bí mílíọ̀nù 147 kìlómítà, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje la sì máa ń jìnnà jù, mílíọ̀nù 152. Oṣù Kìíní yẹn gan-an ni yìnyín ń bọ́ ní ìhà àríwá ayé. Bí Ayé ṣe tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ìwọ̀n dígírì 23.4 ló ń fa ìgbà òtútù àti ìgbà ooru.

Ẹ̀kẹta, odi ńlá ilẹ̀ Ṣáínà. Wọ́n ní a lè fojú lásán rí i láti òṣùpá. Yang Liwei, ará Ṣáínà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ rán lọ sí gbalasa òfurufú ní 2003, sọ fúnra rẹ̀ pé òun kò rí i, bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ dé òṣùpá. Odi náà gùn lóòótọ́, àmọ́ kò fẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ti àwọn òkúta tó ń yí oòrùn po láàárín Máàsì àti Júpítà. Nínú fíìmù, ọkọ̀ á máa yẹ̀ wọ́n sọ́tùn-ún sósì. Tí a bá kó gbogbo wọn jọ, wọn kò tó ìdá 4 nínú 100 ìwúwo òṣùpá, ibi tí wọ́n sì fọ́n ká sí tóbi kọjá àlà. Pioneer 10 ló kọ́kọ́ gba àárín wọn kọjá, láàárín 1972 sí 1973, ohunkóhun kò ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìwádìí ló ti tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń kọjá láìséwu.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi ọ̀rọ̀ kí n tó gbà á gbọ́ ni pé: ta ló wọ̀n ọ́n, kí ló fi wọ̀n ọ́n? Tí kò bá sí ẹni tó lè dáhùn, mo máa ń fi í sílẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀pọ̀ fọ́tò òfurufú tó ń tàn ní aláwọ̀ mèremère ni wọ́n kun láti fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí hàn. Kì í ṣe irọ́, àmọ́ ó yẹ kí ọmọ mọ̀.

Ọ̀rẹ́Júpítà

Mo rí i pé gbogbo yín dúró sí àdúgbò oòrùn. Ẹ jẹ́ ká lọ síwájú.

Júpítà wúwo tó Ayé 318. Tí ẹ bá kó àwọn pílánẹ́ẹ̀tì méje yòókù pọ̀, Júpítà á ṣì fi ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ jù wọ́n lọ. Pẹ̀lú bó ṣe tóbi tó yẹn, kò tó wákàtí mẹ́wàá tó fi ń pòòyì, eré yẹn sì ni ó jẹ́ kí ìbàdí rẹ̀ yọ síta. Ganymede, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá rẹ̀, tóbi ju Mẹ́kúrì lọ. Òmíràn, Io, kún fún òkè tó ń tu iná, ọkọ̀ ìwádìí Voyager 1 ló kọ́kọ́ fi hàn wá ní 1979.

Sátọ̀nù ní òrùka tí ìbú rẹ̀ ju 270,000 kìlómítà lọ, tí ọ̀pọ̀ ibi lára rẹ̀ kò sì nípọn ju bíi mítà mẹ́wàá lọ. Yìnyín ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí ó bá kọ etí rẹ̀ sí wa, ní nǹkan bí ọdún 15 síra, òrùka náà máa ń pòórá lójú awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Ó ṣẹlẹ̀ lóṣù Kẹta ọdún 2025. Oṣù yẹn náà ni wọ́n fọwọ́ sí òṣùpá tuntun 128 fún un, tí àpapọ̀ rẹ̀ fi di 274. Lórí èyí tó tóbi jù nínú wọn, Titan, òjò ń rọ̀, odò ń ṣàn, adágún wà, ṣùgbọ́n méténì ni, irú gáàsì kan tó ti di olómi níbẹ̀, kì í ṣe omi. Ọkọ̀ Huygens balẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2005.

Yuránọ́ọ̀sì dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, bó ṣe ń yí oòrùn po náà nìyẹn, ọdún 84. Ní òpin àríwá rẹ̀, tí oòrùn bá yọ, nǹkan bí ọdún 42 ni kí ó tó wọ̀, ọdún 42 mìíràn lókùnkùn sì tẹ̀ lé e. Ẹ sọ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá kí ó ṣírò ọdún tó máa jẹ́ nígbà tí ọ̀sán kan níbẹ̀ bá parí.

Ìtàn Nẹ́ptúnù ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fò ó. Ìṣirò ni wọ́n fi rí i. Láti ìgbà tí William Herschel ti rí Yuránọ́ọ̀sì ní 1781, àwọn onímọ̀ ń ṣọ́ ìrìn rẹ̀, ìrìn náà kò sì bá ìṣirò mu, ó ń yà bàrá díẹ̀díẹ̀. Urbain Le Verrier, ará Faransé, jókòó ti bébà àti gègé, ó ní ó ní láti jẹ́ pé ohun mìíràn tí a kò rí ló ń fà á, ó sì ṣírò ibi tí ohun náà yẹ kó wà. Ó kọ lẹ́tà sí Johann Galle ní ilé ìwòràwọ̀ Berlin pé kí ó wo ibẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1846, ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, Galle gbé awò sókè. Kò tó wákàtí kan tó fi rí i, kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ibi tí Le Verrier wí, kò tó ìwọ̀n dígírì kan. John Couch Adams ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti ń ṣe irú ìṣirò yẹn láìmọ̀ nípa tirẹ̀. Ọdún 165 ni Nẹ́ptúnù fi ń yí oòrùn po, nítorí náà 2011 ló tó pé ọdún kan péré láti ìgbà tí a ti rí i. Ọmọ tó ń bi yín pé kí ni wọ́n ń fi ìṣirò ṣe, ìtàn tí ẹ máa sọ fún un nìyẹn.

Olùkọ́Àárọ̀

Èyí wọ̀ mí lára gan-an ni, ẹ ṣeun, Ọ̀rẹ́Júpítà. Ọ̀la ni màá sọ ọ́. Mo fẹ́ kó wọn lọ sí pápá kí wọ́n fojú rí bí gbogbo rẹ̀ ṣe jìnnà síra. Ìwọ̀n wo ni kí n lò?

OníṢirò

Ẹ ya oòrùn sílẹ̀, kí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kan. Ayé á jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 9, ẹ gbé e sí mítà 107 sí oòrùn. Òṣùpá á jẹ́ mìlímítà méjì ààbọ̀, sẹ̀ǹtímítà 28 sí Ayé. Júpítà á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ní mítà 559. Nẹ́ptúnù á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀, ó sì máa jìnnà ju kìlómítà mẹ́ta lọ, torí náà ẹ kàn nawọ́ sí ìhà ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ibi tí ìràwọ̀ tó súnmọ́ oòrùn wa jù, Proxima Centauri, máa wà. Ní ìwọ̀n yìí kan náà, nǹkan bí 28,800 kìlómítà ni. Kò síbi kankan lórí ilẹ̀ ayé tó jìnnà síbi tí ẹ dúró sí tó bẹ́ẹ̀, ibi tó jìnnà jù kò ju 20,000 lọ. Pápá yín kò ní gbà á, ayé pàápàá kò gbà á.

Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n rìn ín bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn ín, kí ọmọ kan fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú àáyá 20 rìn láti oòrùn dé Ayé. Ẹsẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò nílẹ̀. Ìyẹn ni eré tó yá jù lọ láyé àti lọ́run, nínú ìwọ̀n yìí. Wọn kò ní gbàgbé.

AwoSánmà

Ti fífi ojú rí: Àgùàlà, Máàsì, Júpítà, Sátọ̀nù àti Mẹ́kúrì, ojú lásán tó wọn, àmọ́ Mẹ́kúrì ṣòro díẹ̀ torí kì í jìnnà sí oòrùn. Ìràwọ̀ máa ń ṣẹ́jú, pílánẹ́ẹ̀tì kì í sábà ṣẹ́jú. Tí ẹ bá rí awò ọlójú méjì yá, kódà èyí kékeré, ẹ gbé e lé nǹkan kó má gbọ̀n, kí ẹ sì kọjú rẹ̀ sí Júpítà. Ẹ ó rí àwọn àmì ìmọ́lẹ̀ bíńtín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ìlà kan. Àwọn òṣùpá mẹ́rin tí Galileo rí lóṣù Kìíní ọdún 1610 nìyẹn. Kí àwọn ọmọ ya ibi tí wọ́n wà sínú ìwé lálẹ́ òní, kí wọ́n tún yà á lálẹ́ ọ̀la. Wọ́n á ti kúrò níbi tí wọ́n wà. Bí Galileo ṣe mọ̀ nìyẹn pé kì í ṣe Ayé ni ohun gbogbo ń yí po.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀ yín: kí ọmọ kankan má fi awò wo oòrùn, bó ti wù kó kéré tó, kó má tilẹ̀ fi ojú lásán wò ó. Ìṣẹ́jú àáyá kan tó láti fọ́ ojú, ojú náà kì í sì í dùn ún nígbà tó bá ń jóná. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú tán ni kí ẹ tó gbé awò jáde.

Olùkọ́Àárọ̀

Mo ti gbọ́, n kò ní fi ṣeré. Ìbéèrè kan ló kù tí wọ́n máa bi mí dandan: ṣé Plútò kì í ṣe pílánẹ́ẹ̀tì mọ́? Ibo sì ni gbogbo rẹ̀ parí sí?

Ọ̀rẹ́Júpítà

Plútò kò lọ síbì kan. Lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2006, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé pinnu pé kí ohun kan tó jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì, ó gbọ́dọ̀ ti gba ojú ọ̀nà tó ń tọ̀ mọ́. Plútò kò gbà á mọ́, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló wà níbẹ̀, nítorí náà wọ́n pè é ní pílánẹ́ẹ̀tì aràrá. Ó kéré ju òṣùpá wa lọ. Nígbà tí ọkọ̀ ìwádìí New Horizons kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2015, ó rí òkè yìnyín àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ńlá kan tó rí bí ọkàn.

Ní ti ibi tó parí sí, ìdáhùn méjì ló wà, ẹ fún wọn ní méjèèjì. Atẹ́gùn kan ń fẹ́ láti ara oòrùn lọ sí gbogbo ìhà. Ibi tí atẹ́gùn náà ti ń rẹ̀ ẹ́, tó fi kan èyí tó ń bọ̀ láti àárín àwọn ìràwọ̀, ni òpin àkọ́kọ́. Voyager 1, tó gbéra lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1977, kọjá ibẹ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún 2012. Ó ti jìnnà débi pé ìròyìn tó bá fi ránṣẹ́, tó ń bọ̀ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn, ń gbà ju wákàtí 23 lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Òpin kejì ni ibi tí òòfà oòrùn kò ti lè mú ohunkóhun dúró mọ́. Àwọn onímọ̀ gbà pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ òkìtì yìnyín ló yí wa ká lọ́hùn-ún, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń pè ní Oort. Pẹ̀lú eré tí Voyager 1 ń sá, nǹkan bí ọdún 300 ni kí ó tó dé etí rẹ̀ tó súnmọ́ wa, ó sì lè gbà tó ọdún 30,000 kí ó tó la á já. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ pín ara wọn sí méjì, kí ìhà kan gbè fún òpin àkọ́kọ́, kí ìkejì gbè fún èkejì, kí oníkálukú sì sọ ìdí rẹ̀.